Core mẹ́fà, RAM 8GB: kí ló dé tí fídíò wọ́límà ṣì ń pẹ́ kó tó jáde?

Aláwòrán_Táńkẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí. Fídíò yìgì, ìgbéyàwó àti wọ́límà ni mo ń yà ní agbègbè Táńkẹ̀ níbí ní Ìlọrin, ọdún kẹrin mi sì rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní core mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́rin tó ń ṣe iṣẹ́ nínú prosẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń gba wákàtí mẹ́ta gbáko kí fídíò oníwákàtí méjì tó jáde tán lórí rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ni mo kó owó tí mo ti ń tù jọ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fi ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, tòkunbọ̀, tó ní prosẹ́sọ̀ Intel Core i7-8700 nínú. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé core méjìlá ló ní. Èmi náà bá jókòó ṣírò rẹ̀ pé bí core mẹ́rin bá gba wákàtí mẹ́ta, core méjìlá kò gbọdọ̀ gbà ju wákàtí kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí nígbà tí mo lò ó. Fídíò wọ́límà tí mo parí lọ́sẹ̀ tó kọjá gba wákàtí méjì àti ààbọ̀. Nígbà tó ń jáde lọ́wọ́, mo ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo sì rí àpótí kéékèèké méjìlá, tí ìlà ń sáré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Méjì péré ló ga dé òkè. Àwọn yòókù á gbéra díẹ̀, wọ́n á tún wálẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ti dé 7.6 nínú 8GB, disk tó ń pa fáìlì mọ́ sì wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láìwálẹ̀.

Premiere Pro ni ètò tí mo fi ń ṣàtúntò fídíò. Kámẹ́rà méjì ló ya HD, ẹ̀kẹta sì jẹ́ fóònù tó ya 4K. Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló ní àbùkù, àbí ọ̀nà tí mo gbà ń lò ó ni kò tọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń dúró dè mí kí oṣù yìí tó parí.

Ọmọ_Gàá_Àkànbí kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ìbéèrè yín sì wà lára àwọn tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà yín kò ní core méjìlá. Core mẹ́fà ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè di ọ̀wọ́ iṣẹ́ méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Windows ń fi hàn yín nínú àpótí méjìlá yẹn ni ọ̀wọ́ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní thread. Intel ló ń pe ọgbọ́n yìí ní Hyper-Threading, ọdún 2002 ni wọ́n sì mú un dé orí kọ̀ǹpútà alábọ́dé tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ kan tó gbé ìkòkò méjì kaná. Nígbà tí omi ìkòkò kan kò tíì hó, ó ń ro ọbẹ̀ inú èkejì, kò sì jókòó lásán. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò yá ju ti ẹni tó gbé ìkòkò kan kaná lọ, ṣùgbọ́n ìyá náà kò di ènìyàn méjì. Nítorí náà, ìlọ́po méjì kọ́ ni èrè tí ẹ ó rí lára thread méjì. Bí core náà bá ti ń ṣiṣẹ́ gidi láìdúró, èrè rẹ̀ á tilẹ̀ kéré gan-an.

Kí ẹ tó dá ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà lẹ́bi, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń tà á ló máa ń pe thread ní core, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí fún mi. Ṣé ẹyọ RAM kan ló wà nínú rẹ̀ ni, àbí méjì oní-4GB? Irú disk wo ni ẹ kó fídíò sí? Kí ni nǹkan mìíràn tó wà ní ṣíṣí nígbà tí fídíò náà ń jáde?

Aláwòrán_Táńkẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tú u wò. Ẹyọ RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, 8GB, ihò mẹ́ta sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Windows wà lórí SSD kékeré kan, ìyẹn disk tí kì í yí, tó sì yára, ṣùgbọ́n orí disk tó ń yí, oní-1TB, ni mo kó gbogbo fídíò sí, orí rẹ̀ kan náà sì ni fídíò tó ń jáde ń lọ. WhatsApp wà ní ṣíṣí, Chrome náà sì wà ní ṣíṣí, nítorí pé mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí wọn.

Ọmọ_Ahunṣọ kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti ilé. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun ní agbo ilé wa ní Ìlọrin, orí òfì náà ni mo sì ti lóye ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní òfin Amdahl, èyí tí Gene Amdahl, ọmọ Amẹ́ríkà kan, là kalẹ̀ ní ọdún 1967.

Ká ní iṣẹ́ aṣọ kan dé, tí yóò gba ẹnì kan ṣoṣo ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò fi hun àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ méjì ni yóò sì fi rán wọn pọ̀ kí wọ́n tó di aṣọ. Híhun ṣeé pín. Bí ahunṣọ mẹ́rin bá jókòó sí òfì mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́jọ á di méjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni bàbá wa máa ń gbé rírán lé, kí ọnà ara ọ̀já kan lè bá ti èkejì mu, nítorí náà ọjọ́ méjì ti rírán kò yẹ̀. Iṣẹ́ náà á wá gba ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ni pé ó yára ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá pe ahunṣọ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà. Bí ẹ bá sì kó ọgọ́rùn-ún ahunṣọ jọ, iṣẹ́ náà kò lè parí kí ọjọ́ méjì tó pé láéláé, nítorí pé ẹni tó ń ránṣọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò rí. Títú fírémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, yíyí àwọ̀ rẹ̀ padà, fífún un ní ìwọ̀n tuntun àti fífi orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí core kọ̀ọ̀kan lè mú tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n gbọdọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Fáìlì tó ń jáde gbọdọ̀ wà ní ẹsẹẹsẹ, àwọn iṣẹ́ kan sì gbọdọ̀ wo fírémù tó ṣáájú kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí èyí tó kàn. Ibẹ̀ ni core kan ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn yòókù sì ń wò ó.

Ẹ wá fi òǹkà yìí wo ọ̀rọ̀ arákùnrin wa. Ká sọ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣeé pín. Core mẹ́rin á fún un ní ìlọ́po 2.5, core mẹ́fà á fún un ní ìlọ́po 3. Bí core tuntun bá yára dọ́gba pẹ̀lú ti àtijọ́, iṣẹ́ tó gba ìṣẹ́jú 180 tẹ́lẹ̀ á wá gba 150, ìyẹn wákàtí méjì àti ààbọ̀ gẹ́lẹ́. Iye tó rí nìyẹn. Síbẹ̀, kí ìbáramu yìí má ṣe jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí pé core i7-8700 lè sáré dé 4.6GHz, ó sì ṣeé ṣe gan-an kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yára ju ti láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nǹkan mìíràn ló ń dá a dúró.

Mo sì gbàgbọ́ pé òwú ni. Gbogbo ìṣírò tí mo ṣe lókè yìí gbà pé òwú wà lẹ́sẹ̀ ahunṣọ kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo. Bí ọmọ tó ń gbé òwú wá bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọ̀nà ilé ìpamọ́ sì jìn, ahunṣọ mẹ́fà á ká ọwọ́ gbera ni.

Ìyá_Fídíò_Ọ̀fà kọ pé:

Ọmọ_Ahunṣọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà. Ọ̀rọ̀ òwú yẹn gan-an ló mú kí n dá sí i, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀fà. Ọdún Ìjàkadì ni mo yà, kámẹ́rà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mi sì ní core mẹ́jọ pẹ̀lú RAM 8GB. Bí mo bá ti gbé fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí timeline, ìyẹn ibi tí a ti ń to fídíò nínú ètò náà, gbogbo rẹ̀ á dì. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra prosẹ́sọ̀ tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, owó mi ì bá ti wọmi, nítorí pé RAM ló tán.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀, nítorí pé n kì í fẹ́ kí ènìyàn ra nǹkan láìmọ ìdí rẹ̀. Fírémù HD kan jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, èyí tó jẹ́ píksẹ́lì, ìyẹn ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké, 2,073,600. Bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba byte mẹ́rin, fírémù kan ti gba 8.3MB. Fírémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá kan péré á gba 207MB. Fáìlì inú káàdì kámẹ́rà kéré púpọ̀ sí èyí, ìdí rẹ̀ sì ni pé wọ́n fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó ń ṣàtúntò fídíò kò lè yí àwọ̀ ohun tí a fún pọ̀ padà. Ó gbọdọ̀ tú u sílẹ̀, inú RAM ni yóò sì tẹ́ ẹ sí. Ní ti 4K, fírémù kan á gba 33MB, ìṣẹ́jú-àáyá kan á sì gba 829MB. Bí ètò náà bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ àwọ̀ tó péye gan-an, byte 16 ni píksẹ́lì kan lè gbà dípò mẹ́rin, fírémù 4K kan á sì di nǹkan bí 133MB.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ wà níbí yìí: bí core bá ṣe pọ̀ sí i ni RAM tí iṣẹ́ nílò ṣe ń pọ̀ sí i. Thread kọ̀ọ̀kan ló ní fírémù tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí thread méjìlá bá di fírémù 4K mẹ́rin mẹ́rin mú nínú irú iṣẹ́ àwọ̀ tí mo sọ yẹn, ó ti ju 6GB lọ, a kò sì tíì ka Windows, Chrome àti WhatsApp mọ́ ọn. Nígbà tí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí disk, á sì tún máa lọ kó o padà nígbà tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀. RAM DDR4-2666 ẹyọ kan lè gbé nǹkan bíi 21GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹyọ méjì tó wà ní ihò tó yẹ á gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà méjì ni prosẹ́sọ̀ yín ní sọ́dọ̀ RAM, ẹyọ kan ṣoṣo sì ti ọ̀kan pa. Disk tó ń yí, bóyá ló fi lè gbé 150MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ìdí nìyẹn tí disk yín fi wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún, tí core yín sì ń tòògbé.

Ẹ ra 8GB kejì, ọmọ mi. Kí ìyára rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ọ̀dọ́_Òmù_Àrán kọ pé:

Mo kí gbogbo àgbà tó wà níbí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ core àti RAM yìí ti di ohun àtijọ́. Káàdì àwòrán, ìyẹn GPU, ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fídíò báyìí. DaVinci Resolve, ètò ìṣàtúntò fídíò mìíràn, ni mo ń lò ní Òmù-Àrán, nígbà tí mo sì ra GPU tó dára, gbogbo wàhálà mi dópin. Kí ẹ̀gbọ́n wa ra GPU, kó sì fi RAM sílẹ̀.

Ọmọ_Gàá_Àkànbí kọ pé:

Àbúrò mi láti Òmù-Àrán, ohun tí ẹ rí lórí Resolve jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò ló ń ṣiṣẹ́ bí i tirẹ̀. Orí GPU ni wọ́n gbé Resolve kà láti ìpìlẹ̀, pàápàá iṣẹ́ àwọ̀. Premiere ń pín iṣẹ́ láàárín méjèèjì. GPU ló ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn effect tí a ń fi sí àwòrán àti yíyí ìwọ̀n àwòrán padà, ṣùgbọ́n prosẹ́sọ̀ ló ń bá disk sọ̀rọ̀, òun ló ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, òun ló sì ń gbé fírémù fún GPU. Bí ebi bá ń pa prosẹ́sọ̀, kò sí ohun tí yóò fi bọ́ GPU.

Ó yẹ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 2004, àwọn tó ń ṣe prosẹ́sọ̀ kàn ń mú core kan ṣoṣo yára sí i lọ́dọọdún ni. Ìgbóná ló dá wọn dúró, nítorí pé bí wọ́n bá tún mú un yára sí i, ooru rẹ̀ kì í ṣeé tù mọ́. Ní ọdún 2005, Intel àti AMD gbé oní-core méjì wá sórí kọ̀ǹpútà alábọ́dé. Láti ìgbà náà ni ẹrù ti bọ́ sí ọrùn àwọn tó ń kọ ètò, nítorí pé bí wọn kò bá tún ètò wọn kọ kó lè pín iṣẹ́, core tuntun kò ní í wúlò fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni RAM ṣe rí. Ètò oní-32-bit, irú ti àtijọ́, kò lè nàgà kọjá 4GB, ì báà jẹ́ 64GB ni ẹ kó sínú kọ̀ǹpútà. Premiere Pro CS5 tó jáde ní ọdún 2010 ni Premiere àkọ́kọ́ tó di 64-bit pátápátá, irú tó lè lo RAM ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 2011 sì ni Final Cut Pro X, ètò fídíò ti Apple, tẹ̀ lé e. Ní ti After Effects, ètò tí wọ́n fi ń ṣe effect, títí di ọdún 2021 ni wọ́n tó fún un ní ọ̀nà tuntun tí yóò fi máa ṣe ọ̀pọ̀ fírémù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kó ya yín lẹ́nu pé core rẹ̀ ń sinmi.

Olùkọ́_Ìgbómìnà kọ pé:

Ẹ kú àpérò o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo sì rí ohun kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ìyẹn fóònù tó ya 4K.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fún fídíò pọ̀ ló ń pinnu bó ṣe rọrùn tó fún core láti pín in. Nínú H.264, tó ti wà láti ọdún 2003, àti HEVC, tó dé ní ọdún 2013, ìwọ̀nba fírémù díẹ̀ ló pé pérépéré. Àwọn tó kù kàn ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí fírémù mìíràn ni, nígbà mìíràn èyí tó ṣáájú, nígbà mìíràn èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tó dé ibi wáàsí nígbà tí Àáfà ti dé àárín ọ̀rọ̀, tó sì gbọ́ tó ní, "Ìyàwó bàbá náà kò sì gbà." Kò lè mọ bàbá wo, kò lè mọ ohun tí ìyàwó kò gbà, àyàfi kí ó bi ẹni tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Bí ẹ bá fa ìka timeline yín sí àárín fídíò, kọ̀ǹpútà gbọdọ̀ padà lọ bá fírémù tó pé, kó sì tú gbogbo èyí tó wà láàárín kó tó fi ẹyọ kan hàn yín. HEVC fún nǹkan pọ̀ ju H.264 lọ, títú rẹ̀ sì le jù ú lọ.

Fáìlì bíi ProRes, tí Apple gbé jáde ní ọdún 2007, àti DNxHD ti Avid kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fírémù kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, nítorí náà core mẹ́fà lè mú fírémù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà láìbi ara wọn léèrè. Ohun tí ẹ ó fi san án ni àyè, nítorí pé fáìlì náà á tóbi gan-an, disk tó ń yí sì lè má lè gbé e fún kámẹ́rà mẹ́ta pọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ wà nínú prosẹ́sọ̀ yín. Láti ọdún 2011 ni Intel ti ń fi ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Quick Sync sínú àwọn prosẹ́sọ̀ tó ní ẹ̀yà àwòrán tirẹ̀ nínú, iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì ju kí ó tú fídíò tàbí kí ó fún un pọ̀ lọ. Ti i7-8700 mọ HEVC. Ẹ lọ sínú Preferences, ẹ wo abẹ́ Media, kí ẹ rí i pé ẹ ti jẹ́ kí Premiere máa lò ó láti tú fídíò. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ gbé fídíò jáde, ẹ yan Hardware Encoding níbi tí Software Encoding wà. Bí àwòrán bá ní láti dára dé góńgó, Software ṣì máa ń ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú fáìlì tó kéré, ṣùgbọ́n fún fídíò tí àwọn ẹbí yóò wò lórí fóònù, ojú kì í sábà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí kò wúwo, fún ti fóònù náà, kí gígé rẹ̀ lè rọ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kàn mọ̀ pé proxy kì í mú kí fídíò tètè jáde, nítorí pé fáìlì gidi ni Premiere máa ń padà lọ bá nígbà ìgbéjáde, àfi bí ẹ bá dìídì sọ pé kó lo proxy.

Ọmọ_Ìgbájà kọ pé:

Àfikún kékeré ni tèmi, fún àwọn tó ń lo láptọ́ọ̀pù. Bí iná bá lọ, tí láptọ́ọ̀pù sì bọ́ sórí bátìrì, ó máa ń dín ìyára core kù láti pa bátìrì mọ́. Fídíò tó gba wákàtí kan lórí iná lè gba ìlọ́po rẹ̀ lórí bátìrì láìsí pé nǹkan bàjẹ́. Ooru náà ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ prosẹ́sọ̀ Intel kì í jẹ́ kí ìgbóná wọn kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí wọ́n bá sì ti súnmọ́ ọn, wọ́n á fúnra wọn rẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ooru ilẹ̀ wa bá mú, mo tú tèmi, mo sì bá eruku ọyẹ́ tó ti dì mọ́ ẹnu fáànù bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré ni mo fi gbá a. Láti ọjọ́ náà, core mi kì í já wálẹ̀ mọ́ láàárín iṣẹ́.

Aláwòrán_Táńkẹ̀ kọ pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú àdúrótì. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, fídíò wọ́límà yẹn kan náà ni mo sì ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ ra 8GB kejì ní Ọ̀nà Táíwò, wọ́n sì bá mi fi sí ihò tó yẹ. Mo pa Chrome àti WhatsApp. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ já sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35. Ojú mi ni àpótí méjìlá náà ṣe gbéra. Lẹ́yìn náà, mo kó fídíò náà bọ́ sórí SSD, mo sì jẹ́ kí èyí tó ń jáde máa lọ sórí disk tó ń yí, kí kíkà àti kíkọ má baà máa du ọ̀nà kan náà. Ó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí mo wá tan Quick Sync fún títú àti fún ìgbéjáde, ìṣẹ́jú 48 ni gbogbo rẹ̀ gbà. N kò tíì ra GPU kankan.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé ibi tí ọmọ tó ń ṣe wọ́límà ti ń ka Kùránì nínú gbọ̀ngán, ibi tí iná ti kú, tí mo sì fi effect tó ń yọ hóró-hóró kúrò nínú àwòrán sí i, àpótí mọ́kànlá á wálẹ̀, ẹyọ kan á sì ga dé òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni apá náà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 nínú 48 yẹn.

Ọmọ_Ahunṣọ kọ pé:

Alhamdulillah. Ibi ìránṣọ rèé, àbúrò. Irú effect bẹ́ẹ̀ máa ń wo fírémù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e láti mọ ohun tó jẹ́ hóró-hóró àti ohun tó jẹ́ ojú ọmọ gan-an, ẹni tó kọ èyí tí ẹ ń lò kò sì pín iṣẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ core. RAM tàbí core tí ẹ bá fi kún un kò ní í yí i padà.

Ẹ gé ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn sọ́tọ̀, kí effect náà má baà kan ibòmíràn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kí ẹ yan Render and Replace, kí ẹ sì lọ jẹun alẹ́. Premiere á ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi fáìlì tó ti parí rọ́pò rẹ̀, iye ìgbà yòówù kí ẹ sì gbé fídíò náà jáde lẹ́yìn náà, kò ní í tún un ṣe mọ́.

Aláwòrán_Táńkẹ̀ kọ pé:

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú 31. Mo ti ń kó iṣẹ́ kejì wọlé báyìí.